Ìkòkò Tó Gbé Àna Dìde

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ìkòkò tó ń mí, a kì í jókòó lé e"? Ẹ ò mọ̀. Ẹ kàn ń pa á káàkiri ni. Bí ìyàwó bá fajú ro fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ọkọ ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ẹ ó ní ìkòkò tó ń mí ni. Bí ẹbí bá gbé ìjà pamọ́ nítorí àlejò, ẹ ó tún pa á. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé ìkòkò ta ni, ta ló sì jókòó lé e, olúkúlùkù á bẹ̀rẹ̀ sí wo òrùlé. Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Màá sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń wí.

Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ìyeyè, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Àgbẹ̀ ni, ọmọ àgbẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti ṣá. Bàbá rẹ̀ ti ro ó, bàbá bàbá rẹ̀ ti ro ó, kò sí ẹni tó jẹ́ kí ilẹ̀ náà sinmi rí. Ẹ̀gẹ́ tí Láníhùn bá hú níbẹ̀, bí ìka ọwọ́ ló ń rí. Iṣu rẹ̀ náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará abúlé a máa sọ pé ẹni tó bá ń sun iṣu Láníhùn kò gbọdọ̀ gbójú kúrò nídìí iná, kí iṣu má baà sọnù sínú eérú. Láníhùn á bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ tó bá délé, ẹ̀rín náà á pa rẹ́, torí pé ó fẹ́ gbéyàwó.

Ìbíyẹmí, ọmọ Bàbá Láwoyìn, ni ó fẹ́ fẹ́. Ọmọbìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀, èyí kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bàbá Láwoyìn kì í ṣe èèyàn burúkú o, àmọ́ ó ní imú. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣí ìkòkò irú ní abúlé kejì, yóò ti ní kí ìyàwó òun lọ pa fèrèsé dé. Nígbà tí ẹnì kan wá tọrọ ẹ̀gbọ́n Ìbíyẹmí, Bàbá dé ẹnu ọ̀nà ilé onítọ̀hún, ó gbọ́ òórùn òbúkọ, ó sì yí padà láìkí ẹnikẹ́ni. Ó tún wá ń fi imú náà yangàn. Bí wọ́n bá pé jọ síbi kan, á ní ọmọlúàbí kì í rùn, ọmọlúàbí kì í sì í jókòó ti ohun tó ń rùn.

Nígbà tí Láníhùn ránṣẹ́ tọrọ Ìbíyẹmí, èsì tí Bàbá fi ránṣẹ́ kò gùn. Ó ní ilẹ̀ tí kò lè bọ́ adìyẹ kò lè bọ́ ọmọ òun. Ó ní nígbà iṣu tuntun, òun yóò wá wo ilé àti oko rẹ̀. Bí òun bá rí ohun tó tẹ́ òun lọ́rùn, kí Láníhùn máa mú ọmọ lọ. Bí òun kò bá rí i, oníṣòwò aṣọ kan wà ní òdìkejì odò tó ti gbé ẹmu ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun kò sì ní í jẹ́ kó gbé e lẹ́ẹ̀kẹta kí òun tó dá a lóhùn.

Kí n tó máa lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ àṣà Ìdí-Ìyeyè kan fún yín, torí pé òun ló kó Láníhùn sí wàhálà. Bí bàbá ìyàwó bá wá wo ilé ọkọ, ibi tó bá wù ú ni yóò jókòó sí. Ó lè jókòó sórí àga, ó lè jókòó sórí odó. Bó bá wù ú kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó dí gbogbo ilé mọ́nú, kí ẹ máa gba ojú fèrèsé jáde. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ní kó dìde títí yóò fi jẹun tán, tí yóò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lé àna dìde, ọmọ ló lé dìde yẹn. Àna á gbọn aṣọ rẹ̀, á máa lọ, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì parí nìyẹn.

Láníhùn gbọ́ èsì Bàbá Láwoyìn, ó dorí kodò. Ó pàdé Ìbíyẹmí ní ọ̀nà odò, ó sì sọ fún un pé kó máa múra ilé oníṣòwò aṣọ, nítorí kò sí bí òun ṣe lè jí òkú ilẹ̀. Ìbíyẹmí gbé ìkòkò omi rẹ̀ kalẹ̀.

Ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n Láníhùn, ibo ni ata ti ń so jù nínú agboolé yín?"

Láníhùn ní ẹ̀yìnkùlé ni, níbi tí ìyá òun máa ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró sí. Aláró ni ìyá rẹ̀ kó tó kú, ewé ẹ̀lú ló sì fi ń rẹ aṣọ láró.

"Kí ló wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà?"

"Ewé ẹ̀lú tó ti jẹrà ni."

"Ṣé ewé ẹ̀lú nìkan ni ewé tó ń jẹrà láyé?"

Ó gbé omi rẹ̀ rù, ó lọ. Láníhùn dúró síbẹ̀ títí eṣinṣin fi bà lé e lẹ́nu.

Ìyá Láníhùn ti fi ìkòkò aró ńlá kan sílẹ̀ lábẹ́ igi ìyeyè tó wà láàárín agboolé. Wọ́n ti ri í mọ́lẹ̀ dé ìdajì, èèyàn méjì sì lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí màmá náà ti kú, adìyẹ ló ń yé ẹyin síbẹ̀. Láníhùn kó adìyẹ kúrò. Ó lọ bá àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí, ó kó èèpo ẹ̀gẹ́ wọn. Ó gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó kó háhá àgbàdo, èèpo ẹ̀wà àti ewékéwé tó bá rí lọ́nà, ó dà wọ́n sínú ìkòkò, ó bu omi lé e, ó sì wá ìdérí pákó dé e. Àwọn aládùúgbò bi í pé ta ló ń se oúnjẹ fún. Ó ní ilẹ̀ ni.

Ìbíyẹmí wá wò ó lọ́jọ́ kẹwàá, ó bá a tí ìdérí ń jó lórí ìkòkò. Ó ní kí Láníhùn dá ihò sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló já ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ ní ihò, ó sì tì í bọ inú ihò náà kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀ jáde. Ó ní, "Ohun tó bá ń jẹun gbọ́dọ̀ mí. Ohun yòówù kó dé, ẹ má dé e pa."

Ohun tí ọmọbìnrin yìí sọ kò ṣòroó rántí. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá Láníhùn rántí.

Láníhùn kánjú nígbà àkọ́kọ́. Ó bu ajílẹ̀ náà nígbà tó ṣì ń hó, ó dà á sídìí ilá, gbogbo ilá pọ́n bí ewé àgbàdo gbígbẹ. Ìgbà kejì, ó ní sùúrù. Ó dúró títí ohun gbogbo inú ìkòkò fi jẹrà tán, tó dúdú, tó ki bí ẹ̀kọ, tí kò hó mọ́. Ó fi omi là á, ó bù ú sídìí ebè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ náà jí. Iṣu ta, ó gun igi, ó tún ń wá igi mìíràn gùn. Àwọn tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ kọjá láìní ìdí, wọ́n á yọjú, wọ́n á mirí, wọ́n á lọ.

Ẹyọ ohun kan ló kù, òórùn ni. Òórùn tó ń jáde láti inú ọ̀pá ìbẹ́pẹ yẹn, kò ṣe é ròyìn. Adìyẹ kì í gba abẹ́ igi ìyeyè kọjá mọ́. Ìyá Àwẹ̀ró, àbúrò bàbá Láníhùn tí wọ́n jọ ń gbé agboolé, a máa fi ìborùn di imú kó tó gúnyán. Láníhùn kò kà á sí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èèpo tuntun kún inú ìkòkò dé ọrùn, fún oko ọdún tó ń bọ̀, ni wọ́n bá wá sọ fún un pé Bàbá Láwoyìn ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Iṣu ti wà nílẹ̀, iṣu dára, àmọ́ imú Bàbá kò ní í jẹ́ kó dé ìdí iṣu. Ìyá Àwẹ̀ró ní kí wọ́n gbọ́n ìkòkò náà gbẹ. Láníhùn ní bí wọ́n bá ru ú sókè nísinsin yìí, kì í ṣe Bàbá Láwoyìn nìkan ni yóò sá, gbogbo Ìdí-Ìyeyè ni yóò ṣí lọ. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. Nígbà tó yá, Láníhùn fọ́wọ́ ara rẹ̀ yọ ọ̀pá ìbẹ́pẹ.

Ó po amọ̀, ó dí ihò. Ó fi amọ̀ yí etí ìdérí ká, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó tẹ́ ẹní lé e. Ìyá Àwẹ̀ró wá gbé aṣọ òkè tó rà nígbà tó ṣe ìnáwó ọmọ rẹ̀ jáde, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Láníhùn já efinrin, ó fọ́n ọn ká ìdí igi. Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n fa imú, wọn kò gbọ́ nǹkan kan àfi efinrin. Ìkòkò ajílẹ̀ ti di ohun tí ọba lè jókòó lé. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ọjọ́ ọjà dé, Bàbá Láwoyìn kò wá. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ọjọ́ kejì, kò wá. Oòrùn sì ń mú gan-an lásìkò yẹn. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni ìkòkò ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, tó ń jẹ ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì rí ibi tí yóò gbà mí. Láníhùn fọwọ́ tẹ orí aṣọ náà wò, ó rí i pé ó le bí ikùn ẹni tó jẹ iyán àjẹjù. Ó rò ó pé kóun dá ihò kékeré sí i. Ó tún rò ó pé bóyá bí òun bá ṣe ń dá a lọ́wọ́ ni Bàbá yóò yọ. Ó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni Bàbá Láwoyìn dé, ní ọ̀sán gangan, òun àti àbúrò rẹ̀ Òjélàdé. Òjélàdé yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n bá sọ níwájú rẹ̀, kì í gbàgbé. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé imú sókè, ó fà á sọ́tùn-ún, ó fà á sósì. Efinrin. Ó mirí, ó wọlé. Láníhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró gbé àga dáadáa wá, ó gbé e sí ìloro.

Bàbá wo àga, ó wo oòrùn tó ń wọ ìloro. Ó wá yíjú sábẹ́ igi ìyeyè, ibi tó tutù jù nínú agboolé. Ó rí ohun gíga kan tí wọ́n fi aṣọ òkè bò.

Ó ní, "Ẹ wò bí wọ́n ṣe tẹ́ ibì kan sílẹ̀ dè mí." Kí Ìyá Àwẹ̀ró tó la ẹnu, Bàbá ti jókòó lé e.

Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni Láníhùn ṣì wà nígbà tó gbójú sókè tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò lè ní kí àna dìde. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí Bàbá bá jẹun kíá, tó sọ̀rọ̀ kíá, bóyá ìkòkò á ní sùúrù. Ó fojú ṣe sí Ìyá Àwẹ̀ró. Ìyá Àwẹ̀ró bọ́ sídìí odó, ó bẹ̀rẹ̀ sí gún iyán bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn.

Òjélàdé fa àga ìloro wá sí iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó. Bàbá ń béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́. Bó ṣe dé orí àwọn ọmọ Ìyá Àwẹ̀ró, nǹkan kan dún lábẹ́ rẹ̀, gbùlùgbùlù, ó rọra, ó sì pẹ́. Bàbá gbé ọwọ́ lé ikùn.

Òjélàdé sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wà yẹn láàárọ̀."

Bàbá wúkọ́, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Láníhùn gbọ́ ohun tí Òjélàdé sọ, ó yé e. Bàbá rò pé ikùn òun ni. Ẹ má bínú sí Láníhùn o, ẹ̀yin náà ẹ bá ara yín sọ òótọ́: inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó tẹrí ba.

Ó dún lẹ́ẹ̀kejì, èyí ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni amọ̀ etí ìdérí sán díẹ̀ ní ẹ̀yìn, níbi tí ẹnì kankan kò ti lè rí i, afẹ́fẹ́ tín-ín-rín kan sì bẹ̀rẹ̀ sí súfèé jáde. Òórùn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá Àwẹ̀ró fa ìborùn bo imú. Òjélàdé gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Àfi Bàbá Láwoyìn, ọkùnrin tó ń gbọ́ òórùn irú láti abúlé kejì. Ó jókòó ṣinṣin, ó wo ojú ọ̀run, ó ní ó jọ pé òjò máa rọ̀ lónìí. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọmọlúàbí kì í rùn, òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Láníhùn ní bóyá kí Bàbá wá wo oko ná. Bàbá ní rárá. Ó ní òun ti ń rí oko láti ibi tóun wà. Oko náà wà lẹ́yìn òkè. Àmọ́ ẹ ro ọ̀ràn náà fún un: bí ìjókòó lásán bá ń dún báyìí, bó bá dìde ńkọ́? Ó fi kún un pé ìjókòó náà ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ó sì bá òun lára mu, ẹ̀yìn tó ń dun òun láti ọjọ́ mẹ́ta ti ń rọ̀.

Láníhùn bá lọ gbé iṣu wá. Ó tò wọ́n síwájú Bàbá, mẹ́fà. Òjélàdé fẹ́ fi ọwọ́ kan gbé ọ̀kan, kò ṣeé ṣe, ó fi ọwọ́ méjèèjì, ó ní hẹ̀n-ẹ́n. Ìyá Àwẹ̀ró gbé iyán tuntun kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Bàbá jẹ òkèlè kan, ojú rẹ̀ là. Ó jẹ ìkejì, ó gbàgbé òórùn. Ó ń jẹ ẹ̀kẹfà lọ́wọ́ nígbà tí Òjélàdé tẹjú mọ́ ọn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń ga."

Òótọ́ ni. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Nísinsin yìí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wá ilẹ̀. Bàbá ní iyán rere ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Láníhùn wo ìdí aṣọ òkè, ó rí amọ̀ tó ń jábọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó rí etí ìdérí tó ti ṣí kúrò lára ìkòkò ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìfófòó dúdú sì ń yọ níbẹ̀.

Bàbá Láwoyìn ṣan ọwọ́. Ó nu ẹnu. Ó tún ìjókòó ṣe dáadáa, ó ní, "Láníhùn, mo ti jẹ iṣu oko rẹ. Ilẹ̀ tó bá lè hu irú iṣu yìí, kì í ṣe adìyẹ nìkan ni yóò bọ́. Nítorí náà, ní ti ọmọ mi Ìbíyẹmí..."

Ẹ wò ó o. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ká ní Láníhùn lè pa ẹnu mọ́ títí Bàbá yóò fi sọ ọ́, ìyàwó di tirẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó wo àgbà ọkùnrin náà níbi tó jókòó sí, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó rí ìdérí tó ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Kò lè fara dà á. Omi bọ́ lójú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ dìde."

Orógùn bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àwẹ̀ró.

Bàbá ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ dìde. Ìkòkò ló wà lábẹ́ yín. Ajílẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Èmi ni mo dé e pa nítorí imú yín."

Bàbá kò gbà á gbọ́. Ó rò pé ọmọ yìí ti gbọ́ òórùn, ó wá fẹ́ lé òun kúrò nílé rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ìtìjú di ìbínú. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kò sí ẹni tó lé òun dìde rí, èyí tí ó máa kọ́kọ́ lé òun kò sì ní í jẹ́ ọmọ tí kò tíì mọ ata jẹ lójú òun. Ó ní òun kò dìde. Láti fi hàn pé òun kò dìde, ó gbé ìdí sókè díẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára jókòó padà.

Ìkòkò kò fara mọ́ èyí.

Wọ́n ní ìró náà, àwọn tó wà lódò gbọ́ ọ. Bàbá Láwoyìn gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú ìdérí, pẹ̀lú ẹní, pẹ̀lú aṣọ òkè. Ó kọjá lórí Òjélàdé. Ó kọjá lórí odó. Fìlà rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi ìyeyè. Ọpẹ́lọpẹ́ òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé iṣu tí Láníhùn ti kó jọ de ìgbà mìíràn, orí rẹ̀ ni Bàbá balẹ̀ sí, ìjókòó náà ló sì fi balẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rọra gbé kalẹ̀. Ajílẹ̀ wá ń rọ̀ lé gbogbo wọn lórí. Ó rọ̀ sínú ọbẹ̀, ó rọ̀ sórí iṣu mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó rẹ Ìyá Àwẹ̀ró láró láti orí dé ẹsẹ̀. Bàbá náà ló sọ pé òjò máa rọ̀.

Láníhùn wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ajílẹ̀, ó di ojú, ó ń retí èpè. Bàbá Láwoyìn la ojú méjì funfun nínú dúdú. Ó fa imú. Ó gbóòórùn ara rẹ̀, ó gbóòórùn ìkòkò. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdùnnú ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí tàn lójú rẹ̀.

Ó ní, "Kì í ṣe èmi."

Òjélàdé nu ojú ara rẹ̀. Ó ní, "Kí ni kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n?"

"Gbogbo ẹ̀. Òórùn yẹn, gbùlùgbùlù yẹn. Kì í ṣe èmi."

Ìyá Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mú Òjélàdé. Nígbà tí Bàbá fúnra rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà kò sì dùn ún mọ́. Láníhùn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín ṣe rọlẹ̀, Bàbá rántí àṣà, ojú rẹ̀ tún ro. Ó ní ó dun òun o, àmọ́ ohun tó bá wà nílẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ọmọ yìí ti lé àna dìde.

Òjélàdé, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Láníhùn ní kí ẹ dìde. Ṣé ẹ dìde?"

Bàbá ní, "N kò dìde."

"Ta ló wá gbé yín dìde?"

Bàbá wo ìkòkò.

Òjélàdé ní, "Ìkòkò ni. Ìkòkò kò sì tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wa."

Bàbá ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ará abúlé ya dé, Ìbíyẹmí ló sì ṣáájú wọn. Àṣà kò gbà á kó wá, àmọ́ ìró yẹn kò béèrè àṣà. Ó wo bàbá rẹ̀ lórí òkìtì èèpo, ó wo aṣọ òkè lórí òrùlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbi tí ìdérí já bọ́ sí, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì rí ihò tí wọ́n fi amọ̀ dí.

Ó ní, "Ta ló yọ ọ̀pá ìbẹ́pẹ mi?"

Láníhùn kò lè gbójú sókè. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, nínú ẹrẹ̀ náà.

"Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tètè fẹ́ ọkùnrin yìí, kó tó fi ìkòkò pa èèyàn."

Bàbá Láwoyìn wo ọmọ rẹ̀, ó wo Láníhùn, ó wo iṣu mẹ́fà tó dúdú nílẹ̀. Ó ní ẹni tó lè pàdánù ìyàwó nítorí kí àna má baà fara pa, òun kò mọ ibi tí òun á tún ti rí irú rẹ̀. Ó ní kí oníṣòwò aṣọ máa mu ẹmu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láníhùn bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti wẹ Bàbá. Igbá omi mẹ́rìndínlógún ni wọ́n dà lé e lórí, òórùn náà sì tún bá a lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní kó máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àmọ́ kó tó di oṣù méjì, elégédé hù níbi tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, ó fà dé orí òrùlé, ó so mọ́kànlá. Láti ìgbà náà, Bàbá kò sọ mọ́ pé ọmọlúàbí kì í rùn. Ọdọọdún ló ń ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ pé kó má gbàgbé ajílẹ̀ tòun.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbogbo èèyàn pé. Ìyá Àwẹ̀ró ti fọ aṣọ òkè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga kan tó gbayì, ó ní kí Bàbá Láwoyìn wá jókòó. Bàbá dé ibẹ̀, ó dúró. Ó gbé aṣọ sókè, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan àga náà, kó, kó, kó. Ó dẹ etí sí i títí. Nígbà tó dá a lójú pé igi lásán ni, ó yí padà sí àwọn ènìyàn, ó sì sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́ ọ nílé ayé:

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀rín. Ìkòkò tó ń mí, a kì í jókòó lé e."